Fíìmù Oníṣirò Inú Páálí Ìwàásù

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Àlàáfíà ni a wà. Ọmọ wa, olùkọ́ ìṣirò, kàn ń sinmi díẹ̀ ni.

Mo ra àwo fíìmù kan nípa onímọ̀ ìṣirò tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, kí èmi náà lè ní òye ohun tó ń ṣe ọmọ wa. Nítorí ẹnu ayé, mo fi í pamọ́ sínú páálí àwo ìwàásù. Àfi bí aládùúgbò wa, Ẹnu-ò-sinmi, ṣe wá yá ìwàásù nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀, tó sì mú páálí yẹn gan-an lọ! Ọ̀rọ̀ tó bá dé etí obìnrin yìí ti dé ọjà.

Lónìí ló dá a padà. "Bàbá, ìwàásù yín pa mí lẹ́kún o!" Ó yíjú sí ọmọ wa: "Bùrọ̀dá, ṣé ìṣirò ojú pátákó inú fíìmù yẹn tiẹ̀ tọ̀nà?"

Ọmọ rẹ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò ní ọsibítù bú sẹ́rìn-ín. "Irọ́ ni, àǹtí. Ẹ jókòó, kí n ṣàlàyé."

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí ìyàwó àbúrò mi, tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ọmọ wa kiri, bá bi ọ́, sọ pé ọmọ wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Ọkọ rẹ.