Igi Òòró La Kọ́kọ́ Ń Kàn

Káfíńtà ilé wa,

Má wulẹ̀ pè mí, mo ti lọ síbi iṣẹ́, inú sì ń bí mi. Láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ kan ògiri yàrá mi, ó tutù rinrin. Mo bọ́ síta, mo fa mẹ́ta yọ nínú pákó tí o kàn bò ó. Omi òjò ìjẹta ṣì jókòó sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí o kàn níbùú sẹ́yìn wọn, bí àlejò tí ò fẹ́ lọ sílé. Ẹ̀yìn pákó ti bu!

Bí pákó bá máa dúró lóòró, igi òòró la kọ́kọ́ ń kàn mọ́ ògiri, kí omi lè rọ́nà sọ̀kalẹ̀, kátẹ́gùn lè kọjá. Lẹ́yìn náà la tó ń kan ti ìbú lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá bàbá rẹ di pákó mú, kò fo igi òòró rí. Ìwọ ní, "Màámi, ti ìbú nìkan ti tó." Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ!

Tú gbogbo rẹ̀, kí o tún un kàn. Mo ti kó ẹrù mi sí yàrá rẹ, mo kó tìẹ sí tèmi. Ibẹ̀ ni wàá máa sùn títí ògiri á fi gbẹ.

Òòlù bàbá rẹ wà lórí ìrọ̀rí.

Ìyá rẹ