Aṣọ Tí Màmá Ti Pín Tán

Bọ̀dá mi Lùkmọ́nù,

Ẹ kú àjò Àbíjàǹ o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Bàbá Irfan, ọkọ mi, ti gbin ẹ̀gẹ́ sóko Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Bọ̀dá, ohun tí mo rí lánàá, àyà mi ṣì ń já! Ṣebí dókítà ní jẹjẹrẹ ọmú Màmá ti lọ lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú ọ̀hún, tá a sì ṣe sàráà? Mo ṣí àpótí wọn láti sá aṣọ sóòrùn. Wọ́n ti so bébà mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún ẹ̀ sí i. Àǹkárá tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, orúkọ mi ló wà níbẹ̀! Mo lọgun.

Màmá ní, "Àrùn lọ, ẹ̀rù ò bá a lọ. Gbogbo yín ń dúpẹ́, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá pè, ẹ má kí wọn kú oríire mọ́. Ẹ béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ tán. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa.

Mo pa orúkọ mi rẹ́ lórí bébà àǹkárá náà, mo kọ "Màmá" sí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n bá àwọn wá télọ̀ tí kò ní tẹjú mọ́ àyà àwọn.

Àbúrò yín,
Qàwíyyàt