Ìwé Tuntun fún Ohùn Yín

Bàbá mi tí mo ń wá lójoojúmọ́,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà. Ìyá Ìbídùn, ìyàwó tí ẹ fẹ́ràn ju èmi tí mo fẹ́ ẹ lọ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ọkọ́ lọ. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò ní kọ irọ́ sílẹ̀.

Ara wa le. Shango, àdúgbò wa níbí, ti kún ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n ti kọ́lé dé ibi tí ẹ ti máa ń gbin ẹ̀wà, ṣùgbọ́n oko iṣu ṣì wà lọ́wọ́ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin tọdún yìí tán ni. Kò sí èbù iṣu tí mo gé fún gbígbìn tí n kò rántí yín. Ẹ máa ń gbé ojú ibi tí ẹ gé sún mọ́ imú, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó fi eérú pa á. N kò bi yín rí ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀. Kí ni, Bàbá? Èmi náà ti ń ṣe é báyìí, n kò sì gbóòórùn nǹkan kan ju iṣu lọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Ẹ rántí ètò inú fóònù tí Ìbídùn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì, tó ń wá jókòó tì yín lóko ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi, tó ń gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ tún un sọ ní Hausa: irú iṣu tó bá ilẹ̀ olókùúta mu, ìgbà tó yẹ ká kọ ebè, bí a ṣe ń mọ èbù tó ti ń jẹrà. Àwòrán ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé bíi tèmi á tẹ àwòrán, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìbídùn ní Kano àti Ìbàdàn bá a kọ́ ọ. Wọn kò tì í pa. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà lè wò ó, kó mú un, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ìwé kan ló fún wọn láyè bẹ́ẹ̀, láísẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin náà tẹ̀ka sí i, torí ohùn yín jẹ́ ara iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ilé iṣẹ́ kan mú ètò yìí. Wọ́n fi nǹkan kún un tó lè wo àwòrán ewé iṣu kó sì sọ àrùn tó ń ṣe é. Nǹkan gidi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti inú tiwọn pa. Ó wá dà bí ilé tí àwọn tó kọ́ ọ kò lè wọ̀ mọ́, ohùn yín sì wà nínú rẹ̀. Ìbídùn ní wọn kò rúfin, pé ìwé àkọ́kọ́ gbà wọ́n láyè.

Bẹ́ẹ̀ ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pinnu láti yí ìwé náà padà. Ìwé tuntun sọ pé ẹni tó bá mú un, tó tún un ṣe, tó sì ń pín in fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ ṣí inú tirẹ̀ náà sílẹ̀ bí òun ṣe bá a. Èyí tí wọ́n ti kó lọ ti lọ. Èyí tí Ìbídùn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe láti ìsinsìnyí ni ìwé náà máa dè. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Gbogbo wọn gbà. Ó wá ku tiyín, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ka dípò yín, torí èmi nìkan ni mo kù nínú àwọn ọmọ yín.

Mo kọ̀.

Ìbídùn wá láti Soje, níbi tó ń gbé, lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé ìka òkú kì í ṣe ohun tí ọmọ ń nù kúrò lára ìwé. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ jókòó.

“Bàbá, tí ẹ ò bá tẹ̀ka, a ó yọ ohùn Bàbá àgbà kúrò ni. Ẹlòmíràn ló máa ka ọ̀rọ̀ wọn.”

Mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ìyá Ìbídùn ti gbé bírò sílẹ̀ níbí yìí, ó ń wò mí. Tò, mo gbọ́. Kì í ṣe ìka yín ni mo ń ṣọ́, Bàbá. Owú ni mo ń jẹ. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Paiko, mo rí ọkùnrin Gwari kan tó jókòó ti iṣu rẹ̀, ó tẹ fóònù, ohùn yín sì jáde. Ẹ wúkọ́ díẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní Hausa, ọkùnrin náà sì ń dá yín lóhùn, tò, tò, na gode, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ẹ wà níwájú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ń gbọ́ yín lójoojúmọ́. Mo rò ó pé bí wọ́n bá yọ yín kúrò, ẹ ó padà di tèmi nìkan.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n yọ ọ́, Ìbídùn kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ka, ẹ kọ́kọ́ bi òun léèrè:

“Àwọn tó bá mú un, ṣé àwọn náà á fún ẹlòmíràn?”

Ó ní òun dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, láìwò ó bóyá ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé lòun nígbà náà, òun rò pé gbogbo ènìyàn ló máa ṣe é. Ó bú sẹ́kún. Kò mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ẹ rántí ọdún tí iná pápá jó àká Dàńjúmá, aládùúgbò wa tí bàbá rẹ̀ fún yín ní ilẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oko tèmi nígbà náà. Gbogbo èbù mi, inú àká yín ló ti wá, ẹ kò sì bá mi ṣe àdéhùn kankan. Dàńjúmá wá tọrọ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n bá fún mi ti di tèmi. Haba ló kàn sọ, ó sì yí padà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí yín. Mo ń retí ìbínú yín, kò wá. Lọ́dún kejì tí mo wá gba èbù, ẹ kó o kún agbọ̀n, ẹ wá gbé ọwọ́ lé e níwájú àwọn alágbàro.

“Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ lọ́wọ́ rẹ, wàá fún un. Bí o kò bá lè ṣe é, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ra èbù lọ́jà nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó gba èbù lọ́wọ́ yín láìgbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ènìyàn rò pé àṣà tí ẹ gbé bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á. Ẹ̀yin náà ti yí ìwé yín padà rí, Bàbá, ẹnu ni ẹ fi kọ ọ́, tìtorí mi sì ni.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò gbé yín mọ́, mo padà wá ro oko yín. A jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tọrọ àforíjì. Ṣé ẹ̀ ń dúró dè é? Àbí ẹ ti gbàgbé? Kí ló dé tí n kò lè ṣí ẹnu nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ́?

Mo tẹ̀ka lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí Ìbídùn ka ìwé náà fún mi ní Yorùbá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti ìka bọ tàdáwà. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó fi ètò náà sínú fóònù mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò gbà kí ó wọ ilé mi rí.

Nígbà tó lọ tán, mo gbé fóònù lọ sábẹ́ igi lóko. Mo bi yín pé ṣé ẹ ti dárí jì mí, mo wá tẹ àwòrán ebè. Ẹ wúkọ́. Ẹ ní kí n fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kí oòrùn má baà jó èbù nínú ilẹ̀. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ọkùnrin Paiko nì náà lẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, kò dín, kò lé.

Ebè tí n kò tíì dé pọ̀ nílẹ̀. Mo mú àdá, mo lọ gé koríko.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín.