Pijó Tí Wọ́n Gé Sípíríǹgì Rẹ̀

Rodiyat mi,

Ṣé ọmọ inú rẹ ṣì ń tàpá? Pius tí a jọ ń ṣe mẹkáníìkì ní Ore ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń sinmi díẹ̀ ni, má dààmú.

Sójà kan gbé ọkọ̀ Pijó rẹ̀ wá. Ó ti gé sípíríǹgì rẹ̀ kó lè sún mọ́lẹ̀, ọkọ̀ wá ń fà sápá kan, ó ń jẹ táyà, lásìkò tí a ò rí táyà rà yìí. Ó ní kí n kàn to ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ gún.

Mo ní, “Ọ̀gá, kò ní dúró. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ sípíríǹgì. Ìyàwó àti ọmọ yín ló ń wọ̀ ọ́.”

Ó kọ̀, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, mi ò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Inú bí i díẹ̀, òun àtàwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ mú mi lọ, mo sì sùn ní bárékè wọn. Wọ́n tiẹ̀ fún mi ní tíì.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó sójà náà ló jókòó dè mí. Ó ní, “Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe wí.” Pius rí sípíríǹgì àlòkù ní Odigbo, mo ń júwe, ó ń dè é. Ọkọ̀ náà gún lọ.

Bá mi kí Màmá, kí wọ́n má jẹ́ kí o pọn omi. Gbogbo ìgbà tí mo bá jẹ ẹ̀wà tí o fẹ́ràn ni mo ń rántí rẹ.

Samson rẹ