Àpáàdì Tó Ba Fáìlì Ṣùkúrù Jẹ́

Ilora

Fèyísọ́lá ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le, ṣé Èkó ń gbà ọ́ dáadáa? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà, bàbá rẹ ń kí ọ, iṣu ta lọ́dún yìí, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì.

Àpáàdì tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní wọ́n sun ún bí a ṣe ń sun amọ̀, nínú iná tó gbóná ju ti ẹbu ìkòkò wa lọ, pé nínú irú rẹ̀ ni iléeṣẹ́ yín ti ń yọ́ alumíníọ́mù, tí alumíníọ́mù náà kò sì ń jẹ ẹ́, àti pé iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo gbé fóònù mi lé e lórí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò gbaná. Mo rò pé iná inú rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà, Èkó jìnnà. O tún ní wọ́n ń fi irú rẹ̀ sínú aṣọ ṣọ́jà kí ọta má baà wọlé. Mo ti fi amọ̀ mọ ọ̀kan fún bàbá rẹ tó ń ṣọdẹ, ó ń gbẹ lóòrùn, àmọ́ ó ní òun kò ní wọ̀ ọ́.

Mo gbé e lọ bá Ṣùkúrù wẹ́dà. Ó fi fáìlì tuntun ha á títí, eyín fáìlì ló tán, àpáàdì kò ní àpá kankan. Ó fi wáyà àti bátìrì sí i, gílóòbù tàn. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo mọ ọ́n, mi ò sì sọ fún un pé kì í ṣe èmi.

O mọ̀ pé ọmọ tí kò bá jókòó sójú ẹbu ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á fa ibẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Tìrẹ pé lóṣù yìí. Fátọ́kẹ́, àbúrò bàbá rẹ, ń fẹ́ ibẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń sọ kiri pé o ti kórìíra amọ̀. Ó dùn mí, torí èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ń bínú sí ọ nínú.

Mo gbé àpáàdì náà lọ sípàdé àwa amọ̀kòkò. Ìyá Ọyálọ́lá, àgbà gbogbo wa, fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò bí a ṣe ń tọ́ amọ̀ wò. Ó bi mí pé ta ló sun ún. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ẹni tó sun irú èyí kò tíì kúrò lẹ́bu, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Fátọ́kẹ́ náà tọ́ ọ wò, ó sì dá a padà sí mi lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo sunkún lójú ọ̀nà ilé.

Jọ̀wọ́, fi owó fáìlì Ṣùkúrù ránṣẹ́, àti ti igi ìdáná díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá yín ló sun ún, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ọmọ Fátọ́kẹ́ ló ń bá mi kà á; dẹ́rẹ́bà ló bá mi kọ èyí. Ṣáà wálé wá jókòó sójú ẹbu rẹ, kí o mọ ìkòkò kan péré lójú wọn.

Ohun tí o bá fọwọ́ mọ kò ní sán, iná kò ní jó ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Àwẹ̀ní