Ẹnu Mi Ló Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ta Ilé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín láìkí yín. Ìdí tábìlì ilé ìdáná ni mo jókòó sí, ní Reinickendorf, ní Berlin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ wo sítóòfù bóyá mo pa á. Mo pa á. Ó tún ń ṣe mí bíi kí n lọ wò ó. Ẹ mọ̀ mí, láti kékeré ni mo ti ń da ara mi láàmú.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ kò dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n. Fọ́tò rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, inú Bíbélì yín ni ẹ fi sí, ẹ sì ń fi í han gbogbo ẹni tó bá yà kí yín ní Ìpetumodù. Iṣẹ́ òru ni èmi àti ìyá Ṣadé fi rà á, èmi ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun níbi tó ti ń tún ọ́fíìsì ṣe. Yàrá òkè ló kú sí. Ewúro rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò lójú fèrèsé. Èmi ni mò ń bomi rin ín báyìí, ẹ̀rù sì máa ń bà mí pé omi náà ti pọ̀ jù.

Bàbá, ara mi kò gbé e mọ́. Orúnkún mi ti dà bíi tiyín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bọ́tìnì ẹ̀wù ti di ogun. Ṣadé, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń gbé ní Altona ní Hamburg pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò lè máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá tọ́jú mi lójoojúmọ́. Òun ló là á yé mi. Bí àwọn adójútòfò bá gbà pé mo nílò ìtọ́jú, tí wọ́n fún mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní Pflegegrad, wọn yóò máa dá sí owó ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ fún mi nílé. Bí wọn kò bá gbà, Heim ló kù, ilé tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. Owó Heim sì ju owó ìfẹ̀yìntì mi lọ. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń gbé inú ilé mi, kò sẹ́ni tó máa ní kí n tà á. Ọjọ́ tí mo bá kó lọ sí Heim, títà ni.

Wọ́n ní ẹnì kan máa wá wò mí. Ṣadé kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ tún nǹkan kan ṣe, kí n jẹ́ kí wọ́n bá mi bí mo ṣe wà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n àlejò ni, Bàbá. Ta ló kọ́ mi bí a ṣe ń gba àlejò? Mo rántí ìgbà tí ẹ kò lè dá dìde lórí ẹní mọ́. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti kágò lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Màmá á gbé yín dìde nínú yàrá, ẹ ó jáde láìmú ọ̀pá, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní ara ńkọ́, ẹ ó ní ara le, a dúpẹ́. Ẹ sọ fún mi pé ẹni tó bá ń ka àìsàn rẹ̀ fún àlejò, ṣe ló ń fún àìsàn náà ní àga.

Mo fi gbogbo àárọ̀ múra. Mo wọ bùbá funfun, mo dé fìlà. Mo ti Rollator, kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń rìn, sẹ́yìn àwọn aṣọ òtútù. Mo ti páńpáàsì àgbà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ẹni tí wọ́n rán dé, ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́yàyà kan, mo gbé ẹ̀pà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè dá wẹ̀. Mo ní kí ló dé tí n kò ní lè dá wẹ̀. Ó béèrè bóyá mo lè gun àtẹ̀gùn, mo gùn ún lójú rẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá mo máa ń tètè dé ilé ìtọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo bá a béèrè àwọn òbí rẹ̀. Ṣadé tó yẹ kó wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ pẹ́ lọ́nà. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé obìnrin náà tó ń yìn mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti bá èmi, mò ń mí gúlegúle.

Nígbà tí èsì dé pé n kò nílò ìtọ́jú kankan, Ṣadé kò pariwo. Ó jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí.

“Dádì, ẹ ti fi ẹnu ara yín ta ilé.”

Ó mú mi lọ wo Heim kan nítòsí ilé rẹ̀ ní Altona. Ó mọ́ tónítóní. Àwọn arúgbó jókòó yí tábìlì ká, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Mo kí wọn, ẹnì kan ló dáhùn. Mo bi Ṣadé bóyá wọ́n máa gba ewúro ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bí a ṣe ń padà, mò ń rò ó pé ta ni yóò ra ilé, ṣé yóò wó ògiri yàrá òkè, ṣé yóò mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń há nígbà òtútù?

Ṣadé kọ̀wé pé a kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, wọ́n sì rán ẹlòmíràn wá. Ọkùnrin ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ṣadé ti wà nílé láti ọjọ́ tó ṣáájú, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fìlà. Ọkùnrin náà ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣadé fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ọkùnrin náà ní kó fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi dúró, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ tún dé. Mo gbọ́ Jámánì, ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

“Ṣadé, mo máa ń tọ̀ sára.”

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ kò yí padà, bí ẹni tó ń ka àdírẹ́sì. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀, ó bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Wọ́n ti fún wa ní Pflegegrad náà. A kò ní ta ilé. Obìnrin kan ń wá wẹ̀ fún mi láràárọ̀, mo sì máa ń di ojú mi títí yóò fi parí. Ilé dúró, èmi ni ojú ń tì.

Ẹ máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ kò sọ ohun tí èèyàn yóò ṣe bí ẹ̀sín bá ṣáájú ikú dé. Ta ló ń fọ aṣọ yín nígbà yẹn, Bàbá? Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí Màmá tó gbé yín dìde, ǹjẹ́ ojú tì yín rí? Ṣé nítorí ẹ̀ ni ẹ kì í fi í jẹ́ kí n wọlé?

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Ṣadé pè mí, ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè, pé ara ńkọ́. “Ara le” ti dé eyín mi. Mo gbé e mì. Mo ní ara kò le. Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó. Ó ní òun ń gbọ́.

Bí ẹ bá rí ìyá Ṣadé, ẹ bá mi sọ fún un pé ewúro rẹ̀ wà. Ẹ má sọ ìyókù.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń gbé nínú ilé inú fọ́tò yẹn.