Ìdí Tí Mo Fi Tẹ́ Fóònù Sórí Ẹní

Motọ́láyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Irọ́ ni Olúrẹ̀mí ará ilé wa pa fún ọ. N kò ju fóònù mọ́lẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí, n kò sì bínú sí ọ. Mo rọra tẹ́ ọ sórí ẹní ni, ẹní tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé rí, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, mo kí ọ kú òtútù Kánádà. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Òtútù náà kò ní wọ egungun rẹ. Ilé wà dáadáa ní Òkukù níbí, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn lágídí bíi tìẹ.

Mo mọ̀ pé o jù mí lọ lọ́jọ́ orí, bí a bá sì pàdé lójúkojú, àǹtí ni màá pè ọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èmi àbúrò rẹ̀ ni bàbá rẹ nílé yìí, nítorí náà bí bàbá ni mo ṣe ń kọ̀wé, má bínú. Mo kọ ọ́ sórí ìwé kí Titus tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa lè yà á ní fọ́tò, kó fi í ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, nítorí èyí tí mo fi ẹnu sọ sínú fóònù níjọ́sí, dátà tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà, n kò sì mọ ìlú tó sùn sí.

Ọ̀rọ̀ yàrá bàbá rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Fáṣadé olórí ẹbí fẹ́ gbà á fún Adéjàre ọmọ rẹ̀ kó máa kó àgbàdo sí i. Ó ní yàrá tí ẹni tó ni ín kò sí nílé, yàrá aláǹgbá ni, àti pé ẹni tí kò sí nílé kò lẹ́nu nínú ìpàdé, bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Mo ní o wà nílé. Wọ́n ní níbo? Mo ní nínú fóònù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, Adéjàre béèrè bóyá o ti jẹun nínú fóònù ọ̀hún. Mo ní kí wọ́n pe ìpàdé sínú yàrá náà gan-an, pé Motọ́láyọ̀ á wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, iná kò sí ní Òkukù, mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Inísà lọ gba iná sí fóònù, mo ra dátà kún un, mo sì gbé e mọ́ àyà bọ̀ wálé kí dátà má baà dà nù.

Bí ojú rẹ ṣe yọ, Titus ní kí n gbé ọ sórí àga. Mo ní rárá. Ta ló bí ọmọ tó ń kí àgbà láti orí àga? Bí mo bá gbé ọ sókè, ẹjọ́ rẹ ti bàjẹ́ kí o tó lanu. Mo tẹ́ ọ síwájú Bàbá Fáṣadé, o kí wọn, mo ní ó ti kúnlẹ̀ o. Ìyá Àpèkẹ́, ìyàwó àgbà ilé, ní òótọ́ ni, pé ohùn tí òun gbọ́ yẹn, ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ ni.

O bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé o kò rí ẹnì kankan, pé òrùlé nìkan lò ń rí, kí n gbé ọ sórí àga. Mo ní kí o farabalẹ̀, ọmọ tó kúnlẹ̀ kì í wo àgbà lójú. Nígbà tó yá, ojú rẹ dúró gbagidi, ẹnu rẹ ṣí, o kò mira mọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé sùúrù lò ń ṣe. Bàbá Fáṣadé ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó wà nílé kò lè fọhùn, kí Adéjàre máa kó àgbàdo rẹ̀ bọ̀.

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti tilẹ̀ jáde. O ní ta ló ń tọ́jú yàrá bàbá rẹ tí o fi ń rí ojú ọ̀run láti inú ilé? O ní páànù ti lu, àti pé igi òrùlé tó wà lókè orí Bàbá Fáṣadé ti jẹrà, kí wọ́n jọ̀ọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa gbójú sókè. Òótọ́ ni! Bàbá Fáṣadé tó máa ń ní kí wọ́n fa òun dìde, fò sẹ́nu ọ̀nà láìsí ọ̀pá. Motọ́láyọ̀, ojoojúmọ́ là ń wọ yàrá yẹn, Adéjàre ti fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò wòkè rí.

Ìyá Àpèkẹ́ ní kí ìpàdé wá sọ fún òun wàyí, ta ni kò sí nílé nínú wa. Bàbá Fáṣadé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ó dáa, yàrá di tìrẹ, ṣùgbọ́n kí o tún un ṣe kí òjò tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Adéjàre á tún un ṣe, àgbàdo á sì wọlé.

Àgbàdo kò ní wọlé. Mo ti gé igi láti oko, èmi fúnra mi ni màá gun òrùlé náà. Fi owó páànù àti ìṣó ránṣẹ́, kí o fi owó dátà kún un. Má jẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ìkìrun, nítorí èrò máa ń pọ̀ ní báńkì, owó rẹ lè ṣìnà bá ẹlòmíràn lọ. Má sì sọ fún mi mọ́ pé kí n gbé ọ sórí àga. Orí ẹní lo ti jàre.

Ilé tí o fi sílẹ̀ kò ní dahoro, ilẹ̀ àjòjì tí o wà kò ní lé ọ. Bàbá rẹ kò ní sùn lẹ́yìn rẹ.

Gbogbo ilé ló ń sọ báyìí pé àwọn dúró tì mí, Adéjàre pàápàá ń sọ ọ́. N kò kà wọ́n. Àwọn tó dúró tì mí kí a tó wòkè ni mo kà: Ìyá Àpèkẹ́, ọ̀kan. Titus, méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ló ń wá kiri. Ẹ̀kẹta ni ìwọ tí o wà lórí ẹní.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Ọmọ́ṣẹ̀yìndé.